Bí a Ṣe Ń Yan Power Pack fún Kọ̀ǹpútà tí a Ti Fi Kún Eré Rẹ̀

Ní òpópónà Ọ̀tígbà àti àwọn àdúgbò tó yí i ká ní Ìkẹjà, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Computer Village, power pack méjì, ìyẹn àpótí irin tó ń fún kọ̀ǹpútà ní iná, lè wà lórí tábìlì kan náà, kí wọ́n kọ 600 wáàtì sí ara méjèèjì, kí ọ̀kan wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ ọlọ, kí èkejì sì fúyẹ́ bí agolo òfìfo. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ lẹ́tà lásán lè má tètè rí ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tó ti ṣe overclock, ìyẹn ni pé ó ti mú kí processor, tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, máa sáré kọjá ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un, yóò rí i, nítorí pé ẹrù tó gbé ka power pack náà lórí ju bí ó ṣe rò lọ.

Iná tó ń bọ̀ láti ara ògiri, tó yẹ kí ó jẹ́ 230 fóltì, jẹ́ iná alọ-ábọ̀ tó ń yí po ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Power pack ló ń sọ ọ́ di iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ, tó sì ń pín in sí 12 fóltì, 5 fóltì àti 3.3 fóltì. Nínú kọ̀ǹpútà òde òní, 12 fóltì yìí ni processor àti graphics card tó ń gbé àwòrán jáde ń jẹ, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ tó kù dá lé lórí.

Ká ní processor kan ń sáré ní 4.0 GHz (GHz ni a fi ń wọn eré processor) lórí 1.20 fóltì, tó sì ń jẹ 100 wáàtì. Bí a bá gbé e dé 4.6 GHz, eré rẹ̀ ti fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó má lè dúró lórí eré náà àfi bí a bá bù kún fóltì rẹ̀, ká sọ pé ó di 1.35. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ìṣirò ṣe. Agbára tí processor ń jẹ máa ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, àmọ́ ní ti fóltì, ìlọsókè náà la gbọ́dọ̀ sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Láti 1.20 sí 1.35 jẹ́ ìlọ́po 1.125, bí a bá sọ ìyẹn di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó di nǹkan bí 1.27, bí a bá tún fi 1.15 ti eré sọ ọ́ di púpọ̀, processor tó ń jẹ 100 wáàtì tẹ́lẹ̀ á máa jẹ nǹkan bí 146. Eré fi ìdá 15 lé, oúnjẹ fi ìdá 46 lé. Ẹni tó bá fi eré nìkan ṣírò yóò ra power pack tó kéré.

Graphics card tún ní ìwà tirẹ̀. Kì í jẹun déédéé; ó lè ṣàdédé fa ohun tó ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ lọ kí ojú tó ṣẹ́, kí ó sì padà sẹ́yìn. Nítorí èyí ni ìlànà ATX 3.0 tí Intel gbé jáde ní 2022 fi sọ pé power pack tó ní ihò 12VHPWR, ìyẹn ihò tí wáyà graphics card tuntun ń wọ̀, tó sì ju 450 wáàtì lọ gbọ́dọ̀ lè gba ìlọ́po méjì agbára tí wọ́n kọ sí i lára fún ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tí kò lè gbà á yóò pa ara rẹ̀ láti dáàbò bo ara rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì kú pìì láàrin géèmù, ẹni tó ni ín á wá máa dín overclock kù lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi overclock.

Báwo ni a ṣe ń mọ èyí tó dára lórí tábìlì yẹn? Ẹ yí i padà kí ẹ ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ má wo páálí. Níbi tí wọ́n kọ 12V sí, iye áńpù wà níbẹ̀; ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 49 áńpù, 588 wáàtì ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òótọ́ ni 600 tí wọ́n kọ. Bí ó bá jẹ́ 22 áńpù, 264 wáàtì péré ló ń bẹ níbi tí ẹrù wà, 5 àti 3.3 fóltì tí kọ̀ǹpútà òde òní kò fi bẹ́ẹ̀ lò ni wọ́n fi bu iye tó kù kún un. Irú èyí kò yẹ lábẹ́ overclock rárá, bó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Ó sì dára kí fóltì 12 náà má ṣe rẹlẹ̀ ju 11.4 tàbí kí ó ga ju 12.6 lọ nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò gbogbo rẹ̀. Ká ní processor ń jẹ 200 wáàtì, graphics card 300, ohun tó kù 70, àpapọ̀ jẹ́ 570. 750 ni kí a rà, kí ààyè lè wà fún ìfà òjijì àti fún ooru Èkó, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ kan ń wọn agbára ọjà wọn nínú yàrá tútù. Àmì 80 Plus Gold ń sọ pé, lórí iná 115 fóltì, power pack kò ní fi ju ìdá 10 ṣòfò nígbà tó bá gbé ìdajì ẹrù rẹ̀: bí kọ̀ǹpútà bá ń lo 450, 500 ló ń fà lára ògiri, 50 tó ṣẹ́kù á di ooru. Àmì náà kò sọ nǹkan kan nípa bóyá fóltì rẹ̀ dúró ṣinṣin. Ó sì dára kí a rántí pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I better pass my neighbour kò lè gbé irú kọ̀ǹpútà yìí pẹ̀lú fáànù àti tẹlifíṣọ̀n.

Bí wọ́n bá mú iná lọ, power pack tó dára lè di kọ̀ǹpútà mú fún nǹkan bí ìdá 16 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kí UPS tàbí inverter tó gbà á. Inverter náà kó jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́ bí ìgbì omi, torí pé àwọn power pack tuntun kan kì í fara mọ́ iná onígun tí inverter olówó pọ́ọ́kú ń gbé jáde.

Ní ti tòkunbọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn àwọn ti àtijọ́ dáadáa. Bọ́tìnnì pupa kékeré kan lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà ń wọ̀, tí a ń fi ṣóńṣó sikurudiráfà tì sí 115 tàbí 230. Bí ó bá ti Amẹ́ríkà dé lórí 115, tí a sì so ó mọ́ iná Èkó bẹ́ẹ̀, yóò dún gbàù. Èyí tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ, ẹ rí i pé wáyà tirẹ̀ gan-an ló bá a wá. Orí wáyà tó ń wọ inú power pack kò ní ìlànà kan tó so gbogbo ilé iṣẹ́ pọ̀. Ó lè wọlé ṣinṣin, síbẹ̀ kí ihò tí ọ̀kan fi ń gbé 5 fóltì jẹ́ èyí tí èkejì fi ń gbé 12, kí hard disk sì jóná lójú ẹsẹ̀ tí a bá tan kọ̀ǹpútà.