Apọnmi tó di akọni: ibi tí fíìmù àwọn eléré tí ayé ń fi ṣẹ̀sín ti ṣẹ̀

Ẹ ti wo irú fíìmù yìí rí. Ẹgbẹ́ eléré kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kà sí. Ọ̀kan nínú wọn tóbi ju aṣọ eré lọ, ọ̀kan ń sá fún bọ́ọ̀lù dípò kó sá tẹ̀ lé e, òórùn ọtí ò sì kúrò lẹ́nu kóòṣì wọn láti àárọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ palaba ìyà, a ó fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n kí fíìmù náà tó parí, a ti wà lẹ́yìn wọn gbágbáágbá. Ní Kubwa àti Nyanya, lágbègbè Abuja, àwọn tó ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù mọ iyì rẹ̀ dáadáa: lọ́jọ́ tí Chelsea àti Arsenal ò bá gbá bọ́ọ̀lù, irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí oníbàárà jókòó pẹ́ débi tí yóò fi ra mínírà kejì.

Ẹni tó là á lọ́nà ni Harold Lloyd, òṣèré Amẹ́ríkà tó máa ń wọ awò olójú róbótó. Ọdún 1925 ló gbé The Freshman jáde, nígbà tí sinimá kò tíì máa sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ yunifásítì, ó fẹ́ kí gbogbo ayé fẹ́ràn òun, ó ní òun á bá wọn gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá. Nígbà tí ọmọlangidi tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ bà jẹ́, òun ni wọ́n ń gbé ṣánlẹ̀ dípò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n jẹ́ kó gbà pé òun ti wọ ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ apọnmi lásán ni wọ́n fi í ṣe.

Apọnmi, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá ń gbé Abuja mọ irú ipò tí apọnmi wà. Mai ruwa á ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì gun òkè, òógùn á bò ó, a ó sanwó fún un, a ó ti ìlẹ̀kùn. Mai ruwa là ń pè é, bí ẹni pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Lloyd mú. Nígbà tí àwọn tó mọ eré ṣèṣe tán, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó lè wọlé, apọnmi bẹ kóòṣì títí ó fi gbà. Òun ló gbé bọ́ọ̀lù débi tó yẹ kó dé. Gbogbo àwọn tó ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bá gbé e sórí.

Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ibi tí Lloyd fi í sí náà ló wà: ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín gbọ́dọ̀ borí. Ní 1976 ni The Bad News Bears yí i padà. Walter Matthau ni kóòṣì, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń fọ odò ìwẹ̀ fún àwọn olówó, tí agolo bíà kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù onígi tí wọ́n ń pè ní baseball ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbá (ẹ má ṣèyọnu, èmi náà ò mọ òfin rẹ̀ délẹ̀). Ọmọbìnrin kan ni ọwọ́ rẹ̀ dá jù nínú wọn. Wọ́n dé ìpele àṣekágbá, wọ́n sì pàdánù. Pàdánù ni o! Síbẹ̀ bí wọ́n ṣe yọ̀ ju àwọn tó gba ife lọ. Lójú tèmi, ọdún yẹn ni irú fíìmù yìí dàgbà, torí láti ìgbà náà ni ẹni tó ń wò ó kò ti lè mọ̀ dájú bóyá wọn yóò borí.

Èyí tó wá tan orúkọ rẹ̀ kálẹ̀ ju gbogbo wọn lọ ni Cool Runnings, tí Jon Turteltaub darí ní 1993, tí John Candy ṣe kóòṣì inú rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ló wà nídìí rẹ̀. Amẹ́ríkà méjì, George Fitch àti William Maloney, wo ìdíje ọmọlanke ní Jamaica. Bí wọ́n ṣe ń ti nǹkan náà sáré, tí wọ́n ń bẹ́ lé e, jọ eré bobsled, ìyẹn ọkọ̀ tó ń yọ̀ wìì lọ nínú kòtò yìnyín. Àwọn eléré ìje ìlú náà ò dá wọn lóhùn. Ni wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ ológun lọ, níbi tí Ken Barnes, ọ̀gá sójà tó bí John Barnes tó gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool, ti ràn wọ́n lọ́wọ́. Dudley Stokes tó ń wa hẹlikọ́pítà, Devon Harris àti Michael White bá bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹnì kan ṣèṣe kí eré wọn tó bẹ̀rẹ̀, ni Chris, àbúrò Stokes, bá rọ́pò rẹ̀. Ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Calgary, ní Kánádà, ní 1988, ọkọ̀ wọn dojú dé.

Fíìmù náà bù mọ́ ọn ṣá. Ó sọ sójà di apanilẹ́rìn-ín, ó hùmọ̀ kóòṣì oníjìbìtì, ó ní àwọn òyìnbó kórìíra wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ kan ló yá wọn ní ọkọ̀. Nínú fíìmù, wọ́n gbé ọkọ̀ lé èjìká títí dé òpin. Lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n rìn. Mi ò dá àwọn tó ṣe é lẹ́bi púpọ̀, torí sójà tó tẹ̀ lé àṣẹ kì í pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí ni pé fíìmù parí síbi tí ọkọ̀ ti dojú dé. Ní 1994, ní Òlíńpíìkì Lillehammer, ẹgbẹ́ Jamaica ṣe ipò 14, wọ́n sì fi Amẹ́ríkà sẹ́yìn.

Íńdíà náà mú tirẹ̀ wá ní 2001. Lagaan kì í ṣe àwàdà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì lé ní wákàtí mẹ́ta, ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n bí sí Sabon Gari ní Kano ò ní sọ pé ó gùn: àárín àwọn tó fẹ́ràn fíìmù Íńdíà bí oúnjẹ ló dàgbà sí. Àwọn ará abúlé ń bá òyìnbó gbá cricket nítorí owó orí, ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ rọ, tí àwọn kan ò fẹ́ fara kàn, ló sì wá wúlò jù.

Lẹ́yìn náà ló kan ilé wa. Seun Adigun, tó ti sá eré fún Nàìjíríà ní London ní 2012, fi pákó kan ọkọ̀ bobsled sínú ilé tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní Houston. Ó kó Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga mọ́ra, wọ́n sì fi íńtánẹ́ẹ̀tì tọrọ owó. Calgary wà lára ibi tí wọ́n ti sáré tó mú wọn yege. Ní Pyeongchang, ní 2018, àwọn ni ẹgbẹ́ bobsled àkọ́kọ́ láti Áfíríkà ní Òlíńpíìkì. Simidele Adeagbo bá wọn lọ, àmọ́ eré skeleton ni tirẹ̀, níbi tí ènìyàn ti ń dá dojú bolẹ̀ yọ̀ lọ lórí ọkọ̀ kékeré. Àwa tí a rò pé ọyẹ́ Jos ni òpin òtútù ń wò wọ́n lórí fóònù.

Adigun àti Omeoga ló kẹ́yìn nínú ìdíje tiwọn. Adeagbo náà, ipò 20 nínú 20. Ní Kubwa, kò sẹ́ni tó bìkítà fún nọ́ńbà yẹn. Ìjà tó wà nílẹ̀ ni pé ará ibo ni Adigun: ọmọ Ìjẹ̀bú kan ní tiwọn ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní kó lọ jókòó, ẹni tó ni ilé ìwòran sì ní ẹni tí kò bá ti ra mínírà, kó má dá sí i.