Ẹ má fi sítátà sílẹ̀ nígbà tí iná bá sọ

Bàálù kẹta rèé láàárín oṣù kan tí wọ́n fà dé iwájú mi tí imú rẹ̀ ti dúdú fún èéfín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn awakọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ: òtútù mú ẹ́ńjìnnì, ó kọ̀ kò jí, ni wọ́n bá ń ti throttle, ọ̀pá tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní agbára, síwá sẹ́yìn kó lè gbọ́. Ta ló kọ́ yín?

Ọ̀pọ̀ bàálù kékeré tó ń lo kábúrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni kábúrétọ̀ wọn wà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti throttle síwájú, pọ́ǹpù kékeré inú rẹ̀ á tu epo. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, afẹ́fẹ́ á fa epo yẹn gòkè sínú sílíńdà. Bí kò bá yí, ibo ni ẹ fẹ́ kó gbà? Ilẹ̀ ni yóò ṣàn sí. Á rin asẹ́ afẹ́fẹ́ gbingbin, á máa kán sí ìsàlẹ̀ ìbòrí ẹ́ńjìnnì. Epo kì í sì í tètè di oru nínú òtútù, ìdí nìyí tí ẹ fi ń rò pé kò tíì tó, tí ẹ tún ń ti sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́ padà, iná ti bá epo nílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọwọ́ ayé ni. Ọwọ́ yín ni. Primer, pọ́ǹpù kékeré tí ẹ ń fà kí ẹ tó jí ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí: ẹnu ọ̀nà sílíńdà gan-an ló ń tu epo sí. Iye ìgbà tí ìwé bàálù yín bá pè ni kí ẹ fà á, kì í ṣe iye tí ọ̀rẹ́ yín pè.

Bí iná bá wá sọ ńkọ́? Ẹ má fi sítátà sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, á fa iná náà mọ́ ọn, á gbé e mì. Bó bá jí, ìwé àwọn bàálù kékeré Cessna 172 kan ní kó ṣiṣẹ́ ní 1700 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó pa á fún àyẹ̀wò. Bí kò bá jí, ẹ ti throttle dé òpin, ẹ fa mixture, ọ̀pá tó ń díwọ̀n epo, sẹ́yìn pátápátá kí epo dá, ẹ ṣì máa yí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ti ẹnu ọ̀nà epo pa, kí ẹ pa bátìrì àti magneto tó ń ṣáná fún ẹ́ńjìnnì, kí ẹ gbé ẹ̀rọ ìpaná, kí ẹ bọ́ sílẹ̀. Mo mọ ẹni tó fò jáde bó ṣe rí èéfín, tó gbàgbé láti ti epo. Òkè ni apá bàálù rẹ̀ wà, epo ò nílò pọ́ǹpù kó tó ṣàn wálẹ̀ bá iná. Kí a tó dé, iná ti kọjá gíláàsì iwájú.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Iná kú fúnra rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni náà fi àkísà nu èéfín kúrò, ó ní òun fẹ́ gbéra, pé ẹnì kan tó mọ bàálù dáadáa ti bá òun wò ó. Ọdún 22 ni mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì. Mi ò gbà. Mo ṣí ìbòrí. Mo tẹ róbà epo tó lọ sí kábúrétọ̀, ó sì fọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ.