Bí aláàmù ẹnì kan ṣe ń jí gbogbo ilé, tí ẹni tó ni ín ò sì jí

Àwọn tó ń gbé Ìkòròdù, Mowe tàbí Ìbafo tí iṣẹ́ wọn wà ní Island mọ̀ pé téèyàn ò bá tíì bọ́ sójú títì kó tó di aago márùn-ún ìdájí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló máa gba ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Torí ẹ̀ ni aláàmù fi ń dún láago mẹ́rin nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyẹn ò sì burú. Ibi tọ́rọ̀ ti wọ́ ni pé kì í dún lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ á nawọ́ tẹ snooze, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń dá ìró náà dúró fúngbà díẹ̀, á padà sùn, á tún dún, á tún tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí aago márùn-ún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, ìyàwó ti lajú sílẹ̀ látìgbà tí àkọ́kọ́ ti dún, ọmọ ọwọ́ ti ń ké, ẹni tó ni aláàmù ló ṣì ń hanrun. (Ìyàwó náà lè ni aláàmù o, bákan náà ló ń rí.)

Etí kì í sùn. Téèyàn bá ti sùn, ìró ṣì ń wọlé dé ọpọlọ, ọpọlọ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó kan òun àbí kò kan òun. Ìdí nìyẹn tí ìyálọ́mọ fi lè sùn fọnfọn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú ramúramù, àmọ́ tí ọmọ ẹ̀ bá kàn ta pútú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ti jí. Bí ti aláàmù náà ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ọkọ bá tẹ snooze ni ọpọlọ ẹ̀ ń kọ́ ọ pé tí ìró yìí bá dún, kò sóhun tó máa tẹ̀ lé e, ká sáà nawọ́ pa á. Tó bá yá, ọwọ́ á máa dá a ṣe. Òdìkejì ni ìyàwó ń kọ́, torí òun mọ̀ pé tóun ò bá jí ọkọ òun, á pẹ́ dé ibi iṣẹ́, gbogbo ilé ló sì máa gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bó ṣe di pé ìyàwó gangan laláàmù nìyẹn.

Ẹni tó pa á tún máa ń búra láàárọ̀ pé kò dún rárá, kì í sì í ṣe pé ó ń parọ́. Téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ọpọlọ kì í jí tán lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè tó 15 sí 30 ìṣẹ́jú kí ojú tó dá, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ inú oorun àsùnwọra ló ti jí tàbí oorun ẹ̀ ò tó. Láàárín ìgbà yẹn èèyàn lè sọ̀rọ̀, ó lè tẹ fóònù, kó má rántí ìkankan.

Ó ti pẹ́ tí snooze yìí ti dáyé, General Electric ló gbé aago Snooz-Alarm jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1956, lórí iPhone sì rèé, ìṣẹ́jú 9 ló máa ń fi sílẹ̀ kó tó tún dún tẹ́ni tó ni ín ò bá yí i padà. Oorun ní tiẹ̀ máa ń yípo, látorí oorun fẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ sí àsùnwọra bọ́ sí èyí tí àlá pọ̀ nínú ẹ̀, ìyípo kan á gbà tó nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú, ìdájí sì ni ti àlá yẹn máa ń pọ̀ jù. Kí wá ni ìṣẹ́jú 9 fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ìwádìí kan tí Yunifásítì Stockholm gbé jáde ní 2023 sọ pé ààbọ̀ wákàtí snooze ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe àwọn tó ti mọ́ lára ní nǹkan kan, àmọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn ò wo ẹni tó sùn tì í. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Tó bá sùn láago mẹ́sàn-án alẹ́ tí aláàmù bàbá ẹ̀ jí i láago mẹ́rin, wákàtí 7 péré ló sùn, bó ṣe máa lọ jókòó ní kíláàsì nìyẹn, ó sì dunni.

Inú afẹ́fẹ́ ni ìró ń gbà, kò mọ etí ẹni tó ni ín yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Aago ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló dáa jù, torí ẹni tó wọ̀ ọ́ nìkan ló máa mọ̀ ọ́n lára. Kéèyàn wá gbé fóònù tó ń gbọ̀n sórí tábìlì onígi kọ́ o, igi yẹn á tún jẹ́ kó pariwo sí i. Àwọn kan ní ká gbé fóònù jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn dáa fẹ́ni tó ń dá gbé, àmọ́ níbi tọ́mọ ọwọ́ wà, kó tó rìn débẹ̀ lọmọ ti jí.

Tó bá jẹ́ 4:40 lèèyàn máa ń dìde lóòótọ́, kó gbé aláàmù sí 4:40, ẹyọ kan péré, ogójì ìṣẹ́jú oorun gidi lòun àtará ilé rí gbà yẹn. Àgbàlagbà náà nílò ó kéré tán wákàtí 7, ẹni tó wo bọ́ọ̀lù di aago méjìlá òru, kò sí bí aláàmù aago mẹ́rin ò ṣe ní di ìjà. Kó sì yàn án sí Monday dé Friday nìkan, kó má lọ máa dún ní Saturday.