Dídá eṣinṣin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn mọ̀ nínú fọ́tò

Eṣinṣin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni àwọn kòkòrò ìdílé Dolichopodidae, orúkọ tí wọ́n fà yọ láti inú èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí ẹsẹ̀ gígùn. Ẹ̀yà tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ lé ní 7,000. Wọn kì í tóbi, mìlímítà 1 sí 9 péré ni gígùn ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń dán bí idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara ewé wà lára oúnjẹ wọn, nítorí náà wọn kì í ṣe ọ̀tá olóko.

Ní Àbújá, ìgbà òjò ló dára jù láti wá wọn, lórí ewé gbẹ̀rẹ̀jẹ̀ bíi ti kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé Kubwa tàbí Gwagwalada. Bí ọyẹ́ bá dé, etí odò àti oko fàdámà tí wọ́n ń bomi rin ni kí a yà sí.

Àwọ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Eṣinṣin kan náà lè jọ ewé tútù lábẹ́ òjìji, kó wá di bíi bàbà nínú oòrùn. Eṣinṣin aláwọ̀ ewé tó ń bà lé ẹran ní ọjà náà ń dán, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ki, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú. Ìdílé Micropezidae ní ẹsẹ̀ gígùn lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ iwájú wọn kúrú ju ìyókù lọ, wọ́n sì máa ń jù ú bí ìwo èèrà. Ti Dolichopodidae máa ń dúró gàgà, àyà sókè, ìdí nílẹ̀.

Ìyẹ́ ló ń sọ òótọ́. Ya fọ́tò kan láti òkè gan-an, kí o sì wo iṣan tó gba àárín ìyẹ́ lọ sí etí: nínú Sciapodinae, ẹ̀ka kan lára ìdílé Dolichopodidae, ó pín sí méjì bí ẹ̀ka igi, èyí tó wà níwájú sì ṣẹ́ kọ́rọ́. Fọ́tò ẹ̀gbẹ́ orí ló kàn. Chrysosoma àti Condylostylus jẹ́ ìran méjì nínú ẹ̀ka yìí: irun tín-ín-rín orí ìwo Chrysosoma ń yọ láti ṣóńṣó, ti Condylostylus ń yọ láti ẹ̀yìn ìwo. Bí irun yẹn kò bá hàn, má ṣe dárúkọ ìkankan nínú méjèèjì.

Iná kámẹ́rà ló ń ba fọ́tò jẹ́ jù. Iná àkọ́kọ́ tó ń tàn kí fọ́tò tó wọlé ti tó fún eṣinṣin yìí láti fò. Ewé lásán ni o máa bá. Pa iná kámẹ́rà náà, lo oòrùn àárọ̀, ṣí kámẹ́rà fún 1/500 ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó yá jù bẹ́ẹ̀, má sì jẹ́ kí òjìji rẹ bo eṣinṣin náà. Lẹ́yìn tó bá fò lọ, gbé rúlà sórí ewé náà kí o tún un yà, kí ìwọ̀n lè hàn.

Orúkọ ẹ̀yà gan-an sábà máa ń wà lára ẹ̀yà ìbímọ akọ tó ká sábẹ́ ikùn, ohun tí a fi maikirosikóòpù wò. Fọ́tò abo kì í sábà tó láti mọ orúkọ ẹ̀yà.