Fúnmi Martins

Fúnmi Martins (oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 – ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 2002) jẹ́ òṣèrébìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Iléṣà, ìlú Ọwá Ọbòkun, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Iṣẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n mọ́ kí ó tó bọ́ sídìí fíìmù ní ọdún 1993. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni ó lò nídìí iṣẹ́ yìí kí ọlọ́jọ́ tó dé, ẹni ọdún 38 sì ni. Síbẹ̀, ẹni tó bá wo fíìmù Yorùbá láyé kásẹ́ẹ̀tì kò lè ṣàì mọ ojú rẹ̀. Òun ni ìyá Mide Martins, tí òun náà jẹ́ òṣèré.

Iléṣà àti iṣẹ́ eré

Nígbà tí wọ́n bí i, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni Iléṣà wà; oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ìlú náà ti ní àwọn ọmọ tó gbajúmọ̀ nídìí eré ṣáájú rẹ̀. Àgbà nínú wọn ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sálà aláwàdà, tí tẹlifíṣọ̀n WNTV Ìbàdàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, bá gbé orúkọ rẹ̀ dé ilé onílé. Bàbá Sálà ló ṣe fíìmù Ọ̀run Mooru ní ọdún 1982. Àwọn olè da fíìmù náà kọ, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ baba náà lọ́rùn. Iléṣà náà ni ó kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018.

Ọ̀nà tí Fúnmi Martins gbà wọ iṣẹ́ yàtọ̀ pátápátá sí ti Bàbá Sálà, ó sì yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ obìnrin tó ṣáájú rẹ̀. Láti ìgbà tí Hubert Ògúndé ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1945, inú ẹgbẹ́ alárìnjò ni wọ́n ti ń rí òṣèrébìnrin. Ìyàwó ọ̀gá tàbí ọmọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Ògúndé fúnra rẹ̀ fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré, kí ẹgbẹ́ má bàa tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí ni pé òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn tẹ̀ lé òṣèré láyé ìgbà náà. Alágbe ni àwọn ará ìlú ń pe òṣèré, tọkùnrin tobìnrin. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sin ọ̀gá, kí ó jó, kí ó kọrin, kí ó gbẹ́rù, kí ó tó di pé wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ sọ lórí ìtàgé.

Ọdún fídíò

Ọjọ́ ti yí nígbà tí Fúnmi Martins dé. Ní ọdún 1986 ìjọba gbé ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí SAP kalẹ̀, náírà sì já wálẹ̀. Fíìmù ńlá tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lọ sí òkè òkun kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́ wá kọjá agbára àwọn oníṣẹ́ tíátà. Kámẹ́rà fídíò ni wọ́n gbá mú. Wọ́n á ya eré sí kásẹ́ẹ̀tì VHS, wọ́n á kó o fún àwọn oníṣòwò ní Ìdúmọ̀tà, láti ibẹ̀ ló sì ń dé ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì yáni ní Iléṣà, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Fídíò yìí ló ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò bá ẹgbẹ́ kankan rìn rí. Ojú tó dára níwájú kámẹ́rà àti ọ̀rọ̀ tó dá ṣáká lẹ́nu ti di ohun tí olùdarí ń wá.

Fíìmù tó kọ́kọ́ ṣe ni Nemesis, ní ọdún 1993. Fidelis Duker, ẹni tó dá àjọ̀dún fíìmù àgbáyé ti Abuja sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ló darí rẹ̀. Ọdún 1993 yìí kan náà ni òfin tó dá àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò ní Nàìjíríà sílẹ̀ jáde, nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ lọ́jà débi pé ìjọba kò lè dijú sí i mọ́. Lára fíìmù Yorùbá tí Fúnmi Martins kópa nínú wọn ni Pẹ̀lúmi, Ìjà Ọmọdé àti Ẹrù Ẹlẹ́rù.

Ikú àti ìrántí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 2002 ni Fúnmi Martins kú. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ikú ọ̀dọ́ ni, ó sì dun àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn òǹwòran gan-an. Oṣù karùn-ún náà ni àwọn òṣèrébìnrin Yorùbá méjì mìíràn, Moji Ọláìyá (ọjọ́ 17, ọdún 2017) àti Aisha Abímbọ́lá (ọjọ́ 15, ọdún 2018) kú, àwọn méjèèjì ní Kánádà. Gbogbo wọn ló lọ láìdàgbà.

Yorùbá ní bí iná bá kú, a feérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ni Mide Martins di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú fíìmù Yorùbá. Ó fẹ́ Afeez Owó, òṣèré tó tún jẹ́ olùdarí fíìmù, ó sì ti ń ṣe fíìmù tirẹ̀ náà. Òun ló ń ṣe ìrántí ìyá rẹ̀ ní gbangba lórí ìkànnì ayélujára, tó ń gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Láti ọ̀dọ̀ Mide ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì bí nígbà tí Fúnmi Martins ń ṣeré ti gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ìrántí nípasẹ̀ fíìmù fúnra rẹ̀ ló nira. Oṣù keje ọdún 2003 ni tẹlifíṣọ̀n Africa Magic bẹ̀rẹ̀, ọdún 2010 sì ni ti èdè Yorùbá tẹ̀ lé e. Fúnmi Martins ti kú kí èyíkéyìí nínú wọn tó dé, bẹ́ẹ̀ ni kò bá YouTube láyé. Orí kásẹ́ẹ̀tì VHS ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde, kásẹ́ẹ̀tì kì í sì í ṣe ohun tó ń tọ́jọ́. Ọ̀rinrin máa ń mú kí téèpù inú rẹ̀ hu, ooru máa ń mú kó lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ sì lè fà á ya. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn ni àwòrán rẹ̀ ń ṣú sí i, tí ohùn inú rẹ̀ ń di wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ̀rọ tó ń lò ó pàápàá ti ń wọ́n. Àdánù ńlá ni èyí fún ìran òṣèré tó ṣiṣẹ́ láàárín ìgbà tí ìtàgé ń kógbá wọlé àti ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé. Ibi ìkó-fíìmù-pamọ́ ti orílẹ̀-èdè wà ní ìlú Jos, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn oníṣòwò, àwọn olùdarí àti ẹbí òṣèré ni púpọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì ayé ìgbà náà wà. Àwọn tó bá dà á sórí kọ̀ǹpútà kí ó tó bàjẹ́ ni tiwọn ń dé orí ẹ̀rọ ayélujára.