Ẹ̀rọ Ka Iye Kan Náà Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Ó Sì Lè Jẹ́ Irọ́

Bí èsì àyẹ̀wò omi tàbí erùpẹ̀ kò bá tẹ́ èèyàn lọ́rùn, ohun tó máa kọ́kọ́ bi àwọn ará láàbù ni pé, "Ṣé ẹ tún un ṣe?" Tí wọ́n bá ní àwọn ti tún un ṣe, pé iye kan náà ló jáde, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ti wọ̀ wá lára débi pé àwọn tó kàwé dáadáa pàápàá gbà á: ohun tó bá ti jáde bákan náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òótọ́ ni.

Irọ́ náà máa ń jáde bákan náà. Òpùrọ́ tó mọṣẹ́ kì í yí ìtàn rẹ̀ padà. Títún un ṣe ń fi hàn pé ọwọ́ ẹni tó ṣe é kò gbọ̀n, pé ẹ̀rọ ò sì ṣe ségesège. Kò kọjá bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ásẹ́níìkì, májèlé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi mímu kan. Ẹ̀rọ ICP-MS tí ọ̀pọ̀ láàbù fi ń wá a máa ń fọ́n omi sínú gáàsì ágọ́nì tó gbóná janjan, á wá máa ka ohun tó bá jáde gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wúwo sí. Ìwọ̀n ásẹ́níìkì jẹ́ 75. Ti ágọ́nì jẹ́ 40, ti klórínì tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ jẹ́ 35. Ẹ rò wọ́n pọ̀. Bí omi bá níyọ̀, àwọn méjèèjì yìí á so mọ́ra wọn nínú ooru yẹn, ẹ̀rọ á sì kà wọ́n mọ́ ásẹ́níìkì. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ o. Ẹ tún un ṣe nígbà mẹ́wàá, iye tó ga yẹn náà lẹ máa bá. Àwọn ẹ̀rọ tuntun ń fi gáàsì híliọ́ọ̀mù dínà fún ayédèrú yìí, àmọ́ ẹni tó ń lò ó ní láti rántí tan án.

Ohun tó ń tú àṣírí ẹ̀rọ ni kí á fún un ní ohun tí àwa fúnra wa ti mọ iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kan ni ìfikún. Bí ẹ̀rọ bá ka òjé máíkírógíráàmù 20 nínú lítà omi kan, a ó bu 10 tó dá wa lójú sí i, a ó sì tún un wọ̀n. 30 ló yẹ kó jáde. Tó bá wá jẹ́ 26 ńkọ́? Ẹni tí kò mọ̀ á ní 26 nínú 30 kò burú. Ó burú. Nínú 10 tí a fi kún un, 6 péré ni ẹ̀rọ rí, ìyẹn 60 nínú 100. Ọ̀pọ̀ ìlànà fún mẹ́táàlì kì í gba ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 75 tàbí tó kọjá 125. Nǹkan kan nínú omi náà ń bo òjé mọ́lẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí 20 àkọ́kọ́ yẹn gan-an kéré ju òótọ́ lọ.

Síbẹ̀, ìfikún ò lè mú ayédèrú ásẹ́níìkì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Iyọ̀ ti bu iye kan lé e kí á tó fi tiwa kún un, ó sì tún bu iye yẹn kan náà lé e lẹ́yìn náà. Bí a bá yọ àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì, 10 wa á pé pérépéré, irọ́ á sì jókòó síbẹ̀. Omi òkun tí wọ́n ti fọwọ́ sí iye ásẹ́níìkì inú rẹ̀ ló lè mú un, torí ó níyọ̀, a sì ti mọ iye tó yẹ kí ẹ̀rọ kà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gba láàbù tó ní ọgbọ́n kan ṣoṣo lòun fi ń ṣọ́ ara òun gbọ́.

Bílánkì tún wà. Omi mímọ́ gaara ni, tí a mú gba gbogbo ọ̀nà tí omi gidi gbà: irú ìgò kan náà, ásíìdì kan náà, ọwọ́ kan náà. Bí ẹ̀rọ bá rí òjé nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ wa ni òjé ti wá. Clair Patterson, ará Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ ní 1956 pé ọjọ́ orí ayé jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.55 ọdún, fi ọ̀pọ̀ ọdún bá èyí wọ̀yá ìjà. Òjé wà nínú eruku yàrá, nínú omi ẹ̀rọ, lára irun orí èèyàn. Ìgbà tó fọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ tónítóní ni nọ́ńbà rẹ̀ tó dúró. Nígbà tó yá, ó fi hàn pé iye òjé tí àwọn mìíràn ti ń kọ fún omi òkun pọ̀ ju òótọ́ lọ fíìfíì. Àwọn fúnra wọn ló ń kó o wọnú omi tí wọ́n ń wọ̀n.

Ibì kan wà tí gbogbo ìṣọ́ yìí ò dé, ìyẹn kí omi tó dé láàbù. Bí wọn ò bá kán nítíríìkì ásíìdì sínú omi títí pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń kéré sí i bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i, á fi wá sísàlẹ̀ 2, àwọn mẹ́táàlì kan á lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Bílánkì á mọ́, ìfikún á pé, omi òkun á bá iye rẹ̀ mu, èsì á sì kéré ju òótọ́ lọ. Bí ẹ bá gba ìwé èsì, ẹ béèrè ojú ìwé tí iye bílánkì àti ìfikún ọjọ́ náà wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó bu omi náà kàn, kí ẹ bi í bóyá ó kán ásíìdì sí i.