Gíà ọtọmátíìkì tó ń yọ̀

Gíà ọtọmátíìkì ń yọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá tẹ iná, tí ẹ́ńjìnnì ń han, tí RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan) ń gòkè, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò sáré tó bí ariwo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́ lójú títì, pàápàá tòkunbọ̀ tí ẹni tó rà á kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ohun tó fà á lè má ju ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀ lọ. Ó sì lè jẹ́ ohun tí wọ́n máa torí rẹ̀ gbé gíà sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tú u palẹ̀. Àyẹ̀wò ló ń fi ìyàtọ̀ hàn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sípánà.

Ọkọ̀ tí kò lágbára kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ ń yọ̀. Bí plọ́ọ̀gì kan kò bá jó dáadáa, tàbí tí ọ̀nà èéfín dí, ọkọ̀ yóò wúwo, ṣùgbọ́n RPM pàápàá kò ní fẹ́ gòkè.

Ohun tó ń di gíà mú

Nínú gíà, àwọn pléètì kílọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí ara wọn, onírin kan, onífáíbà kan. Paǹpù ń ti ọ́ìlì sẹ́yìn písítìnì, písítìnì sì ń tẹ àwọn pléètì náà pọ̀ títí wọn yóò fi jọ máa yí. Àwọn gíà mìíràn tún ní báǹdì irin tó ń fún ìlù kan dúró. Bí prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì bá dín, tàbí tí fáíbà ti jẹ tán, pléètì á máa yọ̀ lójú ara wọn, ooru á mú, fáíbà tó kù á sì jó. Láti ìgbà Hydra-Matic tí General Motors gbé jáde nínú Oldsmobile ọdún 1940, ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ gíà ọtọmátíìkì ń gbà ṣiṣẹ́.

Ọ́ìlì

Ibí ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń parí sí. Bí wọ́n ṣe ń wo gáàjì, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yàtọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀. Nínú àwọn Toyota àtijọ́, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, kó ti gbóná, kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí wọ́n ti gbé ọwọ́ gíà kọjá gbogbo ipò rẹ̀ padà sí P (ipò ìdúró). Nínú Honda, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kó gbóná, wọ́n á pa á, wọ́n á sì wò ó láàárín ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 90. Ẹni tó bá wo gáàjì Honda nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lè rò pé ọ́ìlì ti dín, kó sì dà á kún un ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ́ìlì àkúnjù máa ń hó. Èyí tó dín jù ń jẹ́ kí paǹpù fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Nínú méjèèjì, afẹ́fẹ́ ni yóò máa ti písítìnì, gíà á sì yọ̀. Èyí tó dín sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn nígbà tí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà tàbí tó ń gun òkè.

Àwọ̀ ọ́ìlì náà ní ohun tó ń sọ. Kí wọ́n kán ẹ̀kán méjì láti ẹnu gáàjì sórí bébà ìnujú funfun, kí wọ́n fi sílẹ̀ díẹ̀. Èyí tó ṣì dára á tàn káàkiri, á sì fi àbàwọ́n pupa sílẹ̀. Èyí tó ti jó á dúró sójú kan, dúdú láàárín, pẹ̀lú egunrín kéékèèké, òórùn rẹ̀ á sì ta imú. Bí ó bá funfun bí ògì tí wọ́n da pupa sí, omi rédíétọ̀ ti wọ inú rẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú rédíétọ̀ ni páìpù tó ń tu ọ́ìlì gíà nínú wà. Omi ń bó gọ́ọ̀mù tó di fáíbà mọ́ irin, nítorí náà irú gíà bẹ́ẹ̀ kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ títú palẹ̀.

Ọ́ìlì tún lè máa dín láìkán sílẹ̀. Nínú Mercedes-Benz W124, tí wọ́n ń pè ní V-Boot ní Nàìjíríà, rọ́bà kan wà nínú fákúùmù tó ń darí prẹ́ṣọ̀ gíà. Bí ó bá ya, ẹ́ńjìnnì á máa fa ọ́ìlì gíà mu, èéfín funfun á sì máa jáde lẹ́yìn.

Àwọn mẹkáníìkì kan gbà pé ọ́ìlì tuntun ló ń pa gíà àgbà. Ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn gíà náà ti ń kú lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì wọn.

Òwúrọ̀ tàbí inú gòsìlóò

Gíà tó ń yọ̀ láàárọ̀ nìkan, tó sì ń dára bó bá ti gbóná, sábà máa ń ní síìlì tó ti le. Ooru ló ń mú kí rọ́bà náà rọ̀, kó tó lè di ọ́ìlì mú lẹ́yìn písítìnì. Èyí tó dára láàárọ̀ tó wá ń yọ̀ nínú gòsìlóò jẹ́ ìdàkejì rẹ̀: ọ́ìlì gbígbóná fúyẹ́, ó sì ń sá gba ojú paǹpù tàbí fáàfù tó ti jẹ.

Ipò tó ti ń yọ̀

Táábù kílọ́ọ̀ṣì, àtẹ tó ń fi kílọ́ọ̀ṣì tó ń ṣiṣẹ́ ní ipò kọ̀ọ̀kan hàn, tó wà nínú ìwé àtúnṣe gíà kọ̀ọ̀kan, wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ wo A140E, gíà inú Toyota Camry onísílíńdà mẹ́rin ti àwọn ọdún 1990. Bí ó bá ń yọ̀ ní gíà kìíní lórí D (ìrìn iwájú) ṣùgbọ́n tó di ara rẹ̀ mú lórí L (gíà ìsàlẹ̀), kílọ́ọ̀ṣì F2, èyí tó ń yí sí apá kan ṣoṣo, ni wọ́n á fura sí. Bí R (ìrìn ẹ̀yìn) àti gíà kẹta bá jọ ń yọ̀, kílọ́ọ̀ṣì C2 ló pa wọ́n pọ̀. Bí ó bá jẹ́ R nìkan, tí ẹ́ńjìnnì kò sì dín eré ọkọ̀ kù mọ́ lórí L, bíréèkì B3 inú gíà ni. Bí gbogbo ipò bá ń yọ̀ lápapọ̀, ó ṣòro kí gbogbo kílọ́ọ̀ṣì bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Paǹpù, fílítà tàbí ọ́ìlì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ìdánwò lójú kan

Wọ́n á tẹ bíréèkì pinpin, wọ́n á fi ọkọ̀ sí D, wọ́n á sì tẹ iná dé ìsàlẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ sí ẹnikẹ́ni níwájú ọkọ̀. Bí RPM bá ju iye tí ìwé ọkọ̀ kọ lọ, nǹkan ń yọ̀ nínú gíà. Bí kò bá dé e, ẹ́ńjìnnì tàbí kọnfátà (ohun tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà) ni. Wọ́n á fi í sí N kó tutù kí wọ́n tó tún ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Gáàjì prẹ́ṣọ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ ara gíà dájú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọ́kíṣọ́ọ̀bù ló ní i.

Kóòdù kọ̀ǹpútà

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti módẹ́ẹ̀lì 1996 ní ojú OBD-II, ibi tí wọ́n ń so ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù mọ́. P0730 sí P0735 ń sọ pé ìyípo gíà kò bá ohun tí kọ̀ǹpútà ń retí mu. P0741 jẹ́ ti kọnfátà tí kò tì pa. Nínú Honda àtijọ́, iná D4 tàbí D tó wà níwájú awakọ̀ ló máa ń ṣẹ́jú. Kóòdù kì í sọ bóyá sólénọ́ìdì (fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì nínú gíà) ló bàjẹ́ tàbí pléètì ló jẹ tán.

Pípààrọ̀ gíà

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ló ń ra gíà àlòkù ní Ládìpọ̀ ní Mushin dípò kí wọ́n tún ti tẹ́lẹ̀ ṣe. Ó yẹ kí wọ́n fọ rédíétọ̀ àti páìpù ọ́ìlì rẹ̀ kí wọ́n tó de gíà náà mọ́ ọkọ̀, nítorí pé èérún fáíbà tí gíà àkọ́kọ́ pọ̀ síbẹ̀ á tún bọ́ sínú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.